Ta ni yóò lọ gba ìbọn náà? Ọ̀rọ̀ Lewiston ní ìpínlẹ̀ Maine

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan ní ìlú Auburn, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Ìbọn kọ́ ló wá gbé lọ́jọ́ náà. Nǹkan kan tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ìró rẹ̀ má baà ròkè ló wá gbà. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù ìjọba bí wọ́n ti ń fún gbogbo oníbàárà. Ó kọ orúkọ, ó kọ àdírẹ́sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n ti fi í sí ilé ìwòsàn ọpọlọ rí, "bẹ́ẹ̀ ni" ló fàmì sí. Ẹni tó ń tajà ka fọ́ọ̀mù náà, ó ní òun kò lè gbé e fún un. Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó ní òun á lọ bá agbẹjọ́rò òun sọ̀rọ̀, òun á padà wá. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó kúrò ní ilé ìwòsàn ọpọlọ nìyẹn. Àwọn ìbọn rẹ̀ wà nílé, títí kan ràífù kan tó rà ní ọjọ́ 6, oṣù keje, tó sì rà á lọ́nà tí òfin gbà. Ràífù yẹn ló fi pa ẹni 18 ní ìlú Lewiston ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Láti ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé, nínú gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí gbà kọjá ní odidi oṣù márùn-ún, ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ẹni tó sọ "rárá" fún un lórí ohun ìjà tirẹ̀, tí "rárá" náà sì dúró. Atajà ló sọ ọ́. Àwọn tó ní àṣẹ ju atajà lọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà: dókítà wà, ọ̀gá sójà wà, ọlọ́pàá wà, òfin sì wà nínú ìwé. N kò ní kọ orúkọ ọkùnrin náà síbí. Ẹni tó bá ń wá a á rí i níbòmíì.

Lewiston wà létí odò Androscoggin, ìlú tí ilé iṣẹ́ aṣọ híhun sọ di ìlú. Àwọn àgbà tó fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn á rántí orúkọ rẹ̀: ibẹ̀ ni Muhammad Ali ti gbé Sonny Liston ṣubú ní ọdún 1965, pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ní ojú àwọn kò rí. Àwọn olùgbé ìlú náà kò pé 40,000. Ìpínlẹ̀ ọdẹ ni Maine, ìbọn wà nílé níbẹ̀ bí àdá ti ń wà nílé àgbẹ̀. Láti ọdún 2015, àgbàlagbà tí òfin kò bá ti dè lọ́wọ́ lè gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ rìn láì gba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ ìpànìyàn kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún 2022, ẹni 29 ni wọ́n pa ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, nígbà tí aago méje kù díẹ̀, ọkùnrin náà gbé ràífù yẹn wọ Just-In-Time, ilé eré bowling tí àwọn òbí máa ń kó ọmọ lọ. Ẹni 8 kú níbẹ̀ láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó wakọ̀ lọ sí Schemengees, ilé ọtí kan tó wà ní apá ibòmíì nínú ìlú náà. Ẹni 10 kú níbẹ̀. Ẹni 18 ni gbogbo wọn. Ọmọ ọdún 14 ló kéré jù, bàbá rẹ̀ sì bá a lọ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni ọdún 76 ló dàgbà jù. Ọta ìbọn ba ẹni 13 mìíràn tí wọn kò kú.

Ní Schemengees lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn adití ń ṣeré ìdíje kan tí wọ́n ti máa ń ju àpò kékeré sínú ihò pátákó. Mẹ́rin nínú àwọn tó kú, adití ni wọ́n. Nígbà tí ìjọba wá ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń gé ògbufọ̀ tó ń fọwọ́ túmọ̀ kúrò nínú àwòrán, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé. Kọmíṣọ́nnà ètò ààbò ìpínlẹ̀ náà ní láti dá ọ̀rọ̀ dúró kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ògbufọ̀ hàn, torí pé àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń wò.

Fún ọjọ́ méjì, gbogbo àdúgbò tilẹ̀kùn mọ́rí. Ilé ẹ̀kọ́ kò ṣí, ṣọ́ọ̀bù kò ṣí. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 ni wọ́n rí òkú ọkùnrin náà nínú ọkọ̀ àjàgbé kan ní ọgbà ilé iṣẹ́ tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ní ìlú Lisbon. Òun ló yìnbọn pa ara rẹ̀.

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọkùnrin yìí ti ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíì kò gbọ́. Ó ní àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn, pé wọ́n ń pe òun ní ẹni tó ń bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe. Ní ilé ọtí, ní ṣọ́ọ̀bù, níbi gbogbo, ohun kan náà ló ń gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí nígbà náà, àwọn ẹbí kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ náà ló fà á. Ní ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyá ọmọ náà, tí òun àti ọkùnrin náà ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́, jókòó pẹ̀lú ọlọ́pàá kan láti ọ́fíìsì ṣẹ́rífù Sagadahoc, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè náà, ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń rí. Wọ́n sọ pé ó ti lọ kó ìbọn 10 sí 15 láti ilé arákùnrin rẹ̀. Ọlọ́pàá náà gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pe àwọn sójà.

Àwọn sójà wọnú rẹ̀ nítorí pé sáájẹ́ńtì ni ọkùnrin náà nínú Army Reserve, ìyẹn àwọn sójà tó ń ṣe iṣẹ́ tiwọn láàárín oṣù, tí wọ́n sì ń wọ kákí ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ológun bí wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ dá ọlọ́pàá lóhùn pé àwọn á bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí náà ní àwọn á gbìyànjú. Báyìí ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún.

Ní àárín oṣù keje, ẹgbẹ́ sójà rẹ̀ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní New York. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ó ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun, ó ti ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ológun ní West Point, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Ó lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, wọ́n dá a sílẹ̀.

Ibí ni kí òǹkàwé ti fara balẹ̀, torí pé ibí ni gbogbo rẹ̀ ti fò kọjá. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi agbára òfin tì mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ kò gbọdọ̀ ra ìbọn, kò sì gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n agbára òfin níbẹ̀ túmọ̀ sí pé adájọ́ tàbí àwọn aláṣẹ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ti ọkùnrin yìí kò dé iwájú adájọ́. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò wọ inú àkọsílẹ̀ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń yẹ̀ wò. New York ní òfin tirẹ̀ tí wọ́n ìbá fi gba ìbọn lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ará Maine ni, kò sẹ́ni tó lò ó. Àwọn sójà pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn ìjọba nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n kó ìbọn kúrò nílé rẹ̀. Ta ni yóò lọ kó o? Àwọn ọ̀gá sójà ní tó bá ti bọ́ kákí, ará ìlú ni, àwọn kò ní àṣẹ lórí ohun tó wà nílé rẹ̀. Àwọn dókítà wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn ọlọ́pàá Maine kò tilẹ̀ tíì gbọ́ nígbà náà pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré, atajà ní Auburn gbọ́ ọ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀, nítorí pé fọ́ọ̀mù bi í, ó sì jẹ́wọ́.

Oṣù kẹsàn-án dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, sójà bíi tirẹ̀, gbé e nínú mọ́tò bọ̀ láti ilé tẹ́tẹ́. Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì gbá ọ̀rẹ́ náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ní òru ọjọ́ 15, ọ̀rẹ́ yìí tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí géètì bárékè, kí wọ́n sì dira ogun bí ọkùnrin náà bá yọjú. Ó ní òun gbà pé ọkùnrin yìí máa tó yarí, yóò sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ogójì ọjọ́ ni ìyẹn ṣáájú ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá.

Ọ̀gá tó bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà. Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kò sí ẹlòmíì nínú ìwé gbogbo tó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ṣàkó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 16, igbákejì ṣẹ́rífù kan lọ sí ilé ọkùnrin náà ní Bowdoin, òun àti ọlọ́pàá mìíràn tó tẹ̀lé e fún ààbò. Mọ́tò rẹ̀ wà níta. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan ń rìn nínú ilé. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Òfin kò fún wọn láyè láti já ilẹ̀kùn wọlé láì ní ìwé àṣẹ, wọn kò sì wá ìwé àṣẹ. Wọ́n kúrò níbẹ̀. Ọlọ́pàá náà pe ọ̀gá sójà, ìyẹn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó pe ẹbí, wọ́n gbà pé àwọn á rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn náà. Wọ́n fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà pé ẹni tó bá pàdé rẹ̀ kó ṣọ́ra. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, wọ́n fagi lé ìkìlọ̀ náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan.

Maine ní òfin fún irú èyí. Wọ́n ń pè é ní òfin àsíá yẹ́lò, ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, àárín ọdún 2020 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ yẹn wá láti inú ìdúnàádúrà. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní òfin àsíá pupa, èyí tí Connecticut ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1999: ọlọ́pàá, àti ẹbí náà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, lè lọ tààrà sí iwájú adájọ́ pé kó gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnìkan fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ Maine kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ti yá jù. Wọ́n wá fi àdéhùn sí èyí tó rọ̀. Nínú yẹ́lò, ọlọ́pàá nìkan ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹni náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, oníṣègùn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, adájọ́ yóò fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó gba ìbọn. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ pé kí ọlọ́pàá rí ẹni náà gbá mú. Ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn ńkọ́?

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Gómìnà Janet Mills àti agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, Aaron Frey, gbé kalẹ̀, tí Daniel Wathen tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà Maine rí ṣe alága rẹ̀, kò gba àwáwí ilẹ̀kùn yẹn. Nínú àbọ̀ àkọ́kọ́ wọn ní oṣù kẹta, ọdún 2024, wọ́n ní ohun tí ọ́fíìsì ṣẹ́rífù ti mọ̀ ní oṣù kẹsàn-án tó láti mú ọkùnrin náà kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò yẹ́lò. Nínú àbọ̀ ìkẹyìn ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n fi kún un pé àwọn ọ̀gá sójà náà jáfara lórí ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọn ológun fúnra wọn bá ọ̀gá mẹ́ta wí. Àwọn onímọ̀ ní Boston University yẹ ọpọlọ ọkùnrin náà wò, wọ́n rí ọgbẹ́ nínú rẹ̀, irú èyí tí ìró bọ́ǹbù léraléra lè dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé òun gan-an ló fa ohun tó ṣe.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, ẹ wo ohun tí àwọn olóṣèlú ń jà lé lórí. Ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn ní Lewiston gan-an ni wọ́n yan Mike Johnson ní olórí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kejì ó ní ọkàn èèyàn ni ìṣòro, ìbọn kọ́. Lọ́jọ́ kejì yẹn náà ni Jared Golden, aṣòfin tó ń ṣojú Lewiston, tó ti jẹ́ sójà rí, tó sì ti dìbò tako òfin tí yóò fi òpin sí títa ìbọn ológun fún ará ìlú, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀, ó ní òun ti yí èrò padà. Mo bọ̀wọ̀ fún Golden, nítorí olóṣèlú kì í sábà jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ti Johnson ni kò yé mi. Ta ló yẹ kó gbọ́ ọ ní Maine? Gbogbo wọn mọ̀ pé orí ọkùnrin náà ń dàrú. Wọ́n mọ̀ ọ́n láti oṣù karùn-ún. Wọ́n sì mọ iye ìbọn tó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ti ní "àìsàn ọpọlọ ni", àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bà jẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń gbà là lọ. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey Swanson ní yunifásítì Duke ti ṣírò rẹ̀ pé bí àìsàn ọpọlọ líle bá pòórá ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi ìdá 4 nínú 100 ìwà ipá ló máa bá a lọ. Ìyókù á wà níbẹ̀. Ibi tí àìsàn ọpọlọ àti ìbọn ti pàdé jù ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé kámẹ́rà lọ. Ní ọdún 2021, ẹni 48,830 ni ìbọn pa ní Amẹ́ríkà, ẹni 26,328 nínú wọn ló fi ọwọ́ ara wọn yìn ín. Ní Maine, irú ikú bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ikú ìbọn.

Èyí ni mo fi rò pé òfin tí àwọn aṣòfin Maine ṣe ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, pé kí ẹni tó ra ìbọn dúró fún wákàtí 72 kó tó gbé e lọ, dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dí ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ó ti ra ràífù rẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó lò ó. Ẹni tí òfin yẹn lè gbà ni ẹni tí ayé sú lálẹ́ ọjọ́ kan, tó wá fẹ́ ra ìbọn láàárọ̀. Gómìnà Mills kò fọwọ́ sí i, kò sì kọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó di òfin bẹ́ẹ̀. Èyí tó fọwọ́ sí ni àtúnṣe sí òfin yẹ́lò: bí ẹni náà bá kọ̀ tí kò ṣílẹ̀kùn, ọlọ́pàá lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ láti mú un. Ilẹ̀kùn Bowdoin ni wọ́n tún òfin ṣe fún. Kí Lewiston tó ṣẹlẹ̀, ìgbà 81 péré ni wọ́n lo òfin yẹ́lò láti ọdún 2020. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti lò ó ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ. Yàtọ̀ sí àtúnṣe yẹn, òfin kan náà ni, ohun tó yí padà ni pé àwọn ọlọ́pàá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ṣùgbọ́n àwọn tó yè ní Lewiston kò ní sùn lórí yẹ́lò. Wọ́n ní pupa làwọn fẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé aṣòfin ní 2024, wọn kò dìbò lé e. Wọ́n wá gbé e lọ bá àwọn ará ìlú fúnra wọn. Mills tako o, ó ní yẹ́lò ń ṣiṣẹ́, ó sì dára jù pé kí ẹrù náà wà lórí ọlọ́pàá ju kó wà lórí ẹbí tí ẹ̀rù ń bà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, àwọn olùdìbò Maine fọwọ́ sí òfin àsíá pupa, ó lé ní mẹ́ta nínú márùn-ún wọn.

Mo gbà pé wọ́n ṣe dáadáa. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Mills kò kúrò lọ́kàn mi. Lábẹ́ òfin tuntun yìí, ìyàwó, ọkọ tàbí ẹbí lè lọ sí kọ́ọ̀tù, kí wọ́n kọ̀wé ìbúra pé ẹni wa yìí kò yẹ kó ní ìbọn lọ́wọ́ mọ́. Orúkọ ẹni tó kọ̀wé á wà lórí ìwé náà, wọn á sì gbé e fún ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, nígbà tí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ jókòó pẹ̀lú ọlọ́pàá yẹn ní ilé ẹ̀kọ́, ohun kan wà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún: kó má jẹ́ kí bàbá náà mọ̀ pé àwọn ló sọ.